Ìdí Iṣu Tí Bàbá Mi Fi Sílẹ̀

Ọmọ Èkìtì wo ni kò mọ̀ pé a kì í gún orí iṣu? Tí a bá fẹ́ gúnyán, a ó kọ́kọ́ gé orí rẹ̀, a ó fi pamọ́ fún gbíngbìn, ká tó bẹ ìyókù. Ọmọ ọdún márùn-ún mọ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi tí mò ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nípa jíìnì, ìyẹn àbùdá tí ohun ọ̀gbìn jogún, ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní Ìkẹ́rẹ́, èmi gan-an ni mo gún un.

Ẹ má tíì bú mi. Mo pẹ́ ní Ìbàdàn, n kò sì ní oko níbẹ̀, torí náà gbogbo iṣu tí mo bá rà ni mò ń bẹ sínú ìkòkò látòkè délẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé tí mò ń wí yìí, àbúrò Màámi wá kí wa láti Ìjàn. Màámi ní kí n gúnyán fún un kí òun tó ti ìpàdé ẹgbẹ́ akọrin dé. Mo wọ ibi tí a ń kó iṣu sí, ẹyọ kan ṣoṣo ló kù, mo gbé e. Orí ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ ẹ́. Ìdí rẹ̀ nìkan ló le jù fún ọ̀bẹ, ni mo bá jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò.

Iyán náà funfun, kò ní kókó kan. Òkèlè kẹta ni a wà nígbà tí Màámi wọlé, tó wo abọ́, tó wò mí.

"Orí uṣu ọ̀hún dà?"

Ó wà lẹ́nu mi.

Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé iṣu bàbá mi ni. Oko ìyá rẹ̀ ní Ìsẹ̀ ló ti mú un wá lọ́dún tí òun àti Màámi ṣègbéyàwó. Látìgbà tó ti kú, Màámi ló ń gbìn ín lẹ́yìnkùlé. Ọ̀dá pa èyí tó gbìn lọ́dún tó kọjá, ẹyọ kan yẹn ló kù. Màámi kò pariwo. Ó kàn jókòó, ó ní, "A ti jẹ uṣu bàbá rẹ tán." Inú mi bàjẹ́ gan-an. Ká ní ó bú mi ni, ì bá sàn.

Ni mo bá rántí ìdí tí mo jù nù. Mo sáré gbé e, mo nu eérú ara rẹ̀. "Màámi, kò tíì tán. Gbogbo jíìnì tó wà ní orí ló wà ní ìdí."

Àbúrò Màámi bú sẹ́rìn-ín. "Ùdí? Ta ló ń gbin ùdí uṣu?"

Ṣùgbọ́n Màámi gbójú sókè. "Tó bá jẹ́ ohun kan náà ló wà níbẹ̀, kí ló dé tí orí fi máa ń kọ́kọ́ hù?"

Ìbéèrè tí mò ń bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi nínú ìdánwò nìyẹn. Mo ní, "Ẹ rántí àpótí aṣọ yín. Gbogbo aṣọ yín ló wà níbẹ̀, àmọ́ èyí tó wà lókè lẹ máa ń wọ̀. Èyí tí ẹ ká tí ẹ fún mọ́lẹ̀ pẹ̀lú kàfúrà, aṣọ ṣì ni. Bí jíìnì ṣe wà nínú sẹ́ẹ̀lì nìyẹn. Èyí tó bá ká pọ̀ jù, kò ní ṣiṣẹ́ títí nǹkan yóò fi tú u. Ní orí iṣu, jíìnì tó ń mú un hù wà lókè. Ní ìdí, ó wà nísàlẹ̀."

"Ta ni yóò wá tú u?"

"Omi, ooru, àti àsìkò."

"Ùwọ kọ́?"

"Èmi kọ́, mà."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni Màámi wí. "Ùwọ lo bẹ orí."

Mo gé ìdí náà sí mẹ́ta, mo fi eérú pa ojú rẹ̀, mo kọ ebè mẹ́ta sẹ́yìnkùlé. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, orí iṣu tí aládùúgbò wa gbìn ti ń fà. Tèmi kò mira. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni àbúrò Màámi ń pè láti Ìjàn: "Ọ̀jọ̀gbọ́n ùdí uṣu, ó ti hù?" Mo ń bá a rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, sùúrù mi tán, mo hú ọ̀kan wò. Ó ti jẹrà. Mo hú ìkejì. Ikán ti jẹ ẹ́ tán. N kò jẹ́ fọwọ́ kan ìkẹta. Ìwé sọ pé ó lè hù. Ìwé kò sọ pé yóò hù.

Ó di àárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan, mo ti múra tán, mò ń dúró de Màámi ká lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó jáde síta nínú léèsì aláwọ̀ ewé. Bàbá mi ló rà á fún un. Láti ọjọ́ tí a ti sin ín, n kò rí i lọ́rùn rẹ̀ rí. Òórùn kàfúrà gba gbogbo pálọ̀.

"Màámi, kí là ń ṣe lónìí?"

"Lọ wo ẹ̀yìnkùlé."

Mo sáré lọ tòun ti bàtà ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀mùnú kan tó gùn tó ìka ti yọ lórí ebè kẹta, ó pọ́n díẹ̀ lẹ́nu. Màámi ti ri igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan tì í pé kó rí ibi fà mọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, mo ń sunkún, mo tún ń rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí mo padà síwájú ilé, Màámi ti mú Bíbélì dání, ó ń na etí léèsì rẹ̀ níbi tó ti ká.

"Jẹ́ á lọ," ó ní. "Ó ti pẹ́ jù nísàlẹ̀."