Ààrò Ọba Òyìnbó

Ogójì ọdún ni mo fi dáná ààrò búrẹ́dì ní Agége, n kò sì fi ẹ̀rọ wọn iná rí. Ọwọ́ ọ̀tún mi ni mo máa ń tì bọ̀ ọ́. Bí mo bá ka ení dé ẹ̀jọ kí n tó fà á yọ, iná ti tó nìyẹn. Nígbà tí ọmọ mi obìnrin wá ní kí n wá kí òun nílùú òyìnbó, ohun kan ṣoṣo ni mo ní mo fẹ́ rí: ààrò tí wọ́n fi ń yan búrẹ́dì ọba wọn láyé àtijọ́. Mo ti ṣèlérí fáwọn ẹgbẹ́ mi pé màá ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, màá sì wá ròyìn.

Ọmọ mi ní ó wà nínú ààfin kan, ṣùgbọ́n ká kọ́kọ́ wo ṣọ́ọ̀ṣì. A wò ó. Ó tún ní ká wo odi ìlú. Ìlà tí a tò níbẹ̀ gùn débi pé ọkùnrin iwájú mi, tí irùngbọ̀n rẹ̀ dúdú kirikiri nígbà tí a dé, ti hu ewú kó tó kàn wá. Okùn ni wọ́n sì ta yí gbogbo nǹkan ká, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ má jókòó. Ẹsẹ̀ ń dùn mí, inú ń bí mi.

"Ìyá mi, odi tó wó wà lẹ́yìn ilé mi n'Ífákọ̀. Ààrò ni mo bá wá."

"Ẹ ṣe sùúrù, Dádì."

Ìgbà tí a máa fi dé ààfin, wọ́n ti fẹ́ tìlẹ̀kùn. Mo rí ààrò náà, iná pupa wà nínú ẹ̀. Bí ọmọ mi ṣe ń bẹ ìyá òyìnbó tó ń ṣọ́ ibẹ̀, mo gbẹ́sẹ̀ kọjá okùn, mo tọwọ́ bọ̀ ọ́. Mo kà dé ogún. Ó tutù bí omi àmù. Gílóòbù ni wọ́n fi rọ́bà pupa wé. Igi tí wọ́n kùn lọ́dà ni búrẹ́dì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Wọ́n fà mí jáde.

Nígbà tí mo padà dé Agége, mo ròyìn onírùngbọ̀n fáwọn ẹgbẹ́ mi, wọ́n káàánú ẹ̀. Mo ní ààrò náà ń gbé odindi màlúù mì, wọ́n ní ti ọba ni. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ni wọ́n wá bi mí pé iná ńkọ́. Mo ní gílóòbù ni.

"Ìwọ ọmọ yìí, o ò ní yéé purọ́. Ọba wo ló ń fi gílóòbù yan búrẹ́dì?"

Mo fahọ́n kan irin, mo búra. Gbogbo wọn ní kí n fìyẹn sílẹ̀, kí n tún ti onírùngbọ̀n yẹn sọ.