Yèsí Ló Ni Ín?

Òórùn kánfọ̀ ló jí mi láàárọ̀ Sátidé yẹn. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà, ẹ ó rántí kánfọ̀, àwọn hóró funfun roboto tí àwọn ìyá wa máa ń jù sínú àpótí aṣọ kí kòkòrò má baà dá a lu. Ọyẹ́ ti dé sí Odò-Ọwà, ètè gbogbo wa ti sán, ẹsẹ̀ wa funfun bí ẹni tó rìn nínú eérú. Mo dìde lórí ẹní, mo tẹ̀lé òórùn náà dé yàrá, mo sì bá Màmá mi níbẹ̀ tí wọ́n jókòó sílẹ̀ nínú aṣọ dúdú wọn, àpótí Bàbá mi ṣí sílẹ̀ níwájú wọn. Kò tíì pé ọdún kan tí Bàbá mi kú. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin wọ́n, kò sí ẹni tó fọwọ́ kan àpótí yẹn.

Ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ojú ọ̀run kan wà lórí itan Màmá mi. Mo mọ ṣẹ́ẹ̀tì náà dáadáa. Tísà ni Bàbá mi, òun sì ni wọ́n máa ń wọ̀ lọ síléèwé lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Báírò kan ti tú sí àpò àyà rẹ̀ nígbà kan, ó sì fi àbàwọ́n tó tó hóró ẹ̀pà síbẹ̀. Màmá mi fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, wọ́n fi omi ọsàn kíkan rin ín, wọ́n sá a sí oòrùn, àbàwọ́n náà ní òun kò lọ. Láàárọ̀ yẹn wọ́n mú sísọ́ọ̀sì, wọ́n sì rọra gé àpò náà kúrò tòun ti àbàwọ́n rẹ̀. Mo bèèrè pé kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe. Wọ́n ní kí n lọ fọ ẹnu mi.

Bí wọ́n ṣe máa ń dá mi lóhùn nìyẹn, n kò sì dá wọn lẹ́bi. Ọmọ tó ń bèèrè ọ̀rọ̀ ju bó ṣe ń jẹun lọ ni mí. Mo fẹ́ mọ ìdí tí adìẹ fi ń gbójú sókè tó bá mumi. Mo fẹ́ mọ ẹni tó kọ́kọ́ rí iṣu tó sì rò pé ó ṣeé jẹ. Nígbà tí àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa wá bẹ̀rẹ̀ sí í rán aṣọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ní ọjọọjọ́ Sátidé, ìbéèrè mi rí oúnjẹ jẹ.

Nọ́ọ̀sì ilé ìgbẹ̀bí ló dá a sílẹ̀. Ó dúró lẹ́yìn ìsìn lọ́jọ́ ìsinmi kan, ó ní obìnrin kan bímọ nínú ọyẹ́, kóòtù tí ọkọ rẹ̀ fi ń lọ sóko ló fi wé ọmọ náà lọ sílé. Àwọn ìyá mirí, wọ́n káàánú, wọ́n fẹ́ máa lọ. Màmá mi kò lọ. Wọ́n yíjú sí Ìyá Dúpẹ́, aládùúgbò wa tó jẹ́ télọ̀, tí àjákù aṣọ inú ṣọ́ọ̀bù wọn kò ní iṣẹ́ méjì ju kí wọ́n fi dáná lọ. Màmá mi ní, "Abẹ́rẹ́ á lọ kí ọ̀nà okùn tó dí. Tí a bá ní ká dúró dìgbà tí a máa lówó bùláńkẹ́ẹ̀tì, àwọn ọmọ ò ní dúró dè wá."

Bí iṣẹ́ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n á to àjákù aṣọ mọ́ ara wọn, wọ́n á rán an pọ̀ títí á fi fẹ̀ tó ohun tí a lè fi bo ọmọ. Wọ́n á tẹ́ ògbólógbòó ìró sí abẹ́ rẹ̀ kó lè nípọn, wọ́n á sì fi òwú gún gbogbo rẹ̀ mọ́ra. A kò mọ orúkọ tí ayé ń pè é. Màmá mi ń pè é ní àrànpọ̀. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa fi òwú sí ojú abẹ́rẹ́ fún àwọn tí ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì, kí n sì máa ṣa àjákù ní àwọ̀ àwọ̀. Gbogbo èyí tí mo bá mú lọ́wọ́ ni mo máa ń gbé sókè, tí mo máa ń wí pé, "Yèsí ló ni ín?" Bí àwa ṣe ń bèèrè ẹni tó ni nǹkan nìyẹn. Ìyá Dúpẹ́ wá sọ ọ́ di orúkọ mọ́ mi lára. Tí mo bá ti yọjú, wọ́n á pariwo pé, "Ẹ gbé àga o, Yèsí-ló-ni-ín ti dé! Ọlọ́pàá aṣọ ti dé!"

Ṣùgbọ́n wọ́n ń dá mi lóhùn. Èyí tó pọ́n bí ẹyìn yìí, ara aṣọ àwọn akọrin ni. Àrán yìí, ti ìyàwó kan tó wá ránṣọ láti Òsì ni. Kákí yìí, ṣòkòtò gáàdì kánsù. Àǹkárá ẹlẹ́yẹ yìí, ti Ìyá Dúpẹ́ fúnra wọn, tí wọ́n wọ̀ títí ìdí rẹ̀ fi ya ní gbangba. Lééṣì funfun yìí, ó ṣẹ́kù lára ti ìyàwó pásítọ̀, "kó o sì panu mọ́," torí ìyàwó pásítọ̀ kò mọ̀ pé ó ṣẹ́kù. Mo tọ́jú gbogbo rẹ̀ sínú orí. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n kò dá mi lóhùn rí ni ẹni tí a máa fún. Tí mo bá ti bèèrè ìyẹn, Màmá mi á ní, "Ẹni tó ṣoore tó lóṣòó tì í, bí aláìṣoore ni."

Nítorí náà, nígbà tí wọ́n ní kí n bá àwọn ru ẹrù lọ sí ilé ìgbẹ̀bí ní Sátidé tó tẹ̀lé ọjọ́ tí Màmá mi gé àpò yẹn, mo fò sókè. Màmá mi, Ìyá Dúpẹ́ àti èmi la lọ. Gbogbo inú ilé náà ń run oògùn tí wọ́n fi ń fọ ilẹ̀. Àwọn abiyamọ gba àrànpọ̀, wọ́n súre, wọ́n yí àwọn ọmọ wọn sínú rẹ̀, èmi sì ń na ọrùn wo ojú ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ó wá ku bẹ́ẹ̀dì ìkẹyìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, àti àrànpọ̀ kan, èyí tí Màmá mi dá nìkan rán. Àpò ṣẹ́ẹ̀tì Bàbá mi wà láàárín gbùngbùn rẹ̀.

Obìnrin ará Ìdòfin kan ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì náà. Ọmọ rẹ̀ kéré, ìró fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ló wà lára rẹ̀, ó sì ń gbọ̀n. Màmá mi kí i, wọ́n tẹ́ àrànpọ̀ náà síwájú rẹ̀. Obìnrin náà wo Màmá mi láti orí dé ẹsẹ̀. Ó wo aṣọ náà. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ tì í sẹ́yìn.

"Àkísà? Àkísà lẹ gbé wá fún ọmọ mi? Sé ẹ ti fẹ́ kí n sin ín ni? Ẹ gbé e kúò níbẹ̀, ẹ gbé e lọ ulé yín!"

Abiyamọ kan tó ti fi àrànpọ̀ wé ọmọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tú u. Mo fa Ìyá Dúpẹ́ láṣọ, mo bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Wọ́n tẹ̀ sí mi létí. Wọ́n ní ọmọ méjì ló ti kú mọ́ obìnrin yìí lọ́wọ́. Wọ́n ní láyé àtijọ́, àkísà ni wọ́n fi ń di irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ sínú igbó, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ èyí tó bá tún wá ní Àkísàátán, pé kò sí àkísà mọ́, kó yáa jókòó. Ohun tí a rí sí aṣọ, ohun tí wọ́n fi ń sin ọmọ lobìnrin náà rí. Ó sì tún ń bẹ̀rù pé ta ló mọ̀ bóyá aṣọ òkú wà nínú rẹ̀.

Màmá mi ti ń ká àrànpọ̀ náà. Ojú wọn ti wálẹ̀. N kò ní purọ́ fún yín pé àánú ọmọ tó ń gbọ̀n ló kọ́kọ́ ṣe mí. Inú ló bí mi. Mo bọ́ sẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, mo gba aṣọ náà lọ́wọ́ Màmá mi, mo sì tún un tẹ́.

"Kì í ṣe àkísà, mà. Mo mọ ẹni tó ni gbogbo ẹ̀."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í nàka. Èyí, ti àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa. Èyí, ti ìyàwó tó wá láti Òsì. Èyí, ti gáàdì kánsù, wọ́n wà níbi iṣẹ́ lánàá. Èyí, ti Ìyá Dúpẹ́ tó dúró yìí, tó ya ní ìdí. Èyí, lééṣì ìyàwó pásítọ̀, Ìyá Dúpẹ́ kò tíì sọ fún wọn pé ó ṣẹ́kù. Nọ́ọ̀sì bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Dúpẹ́ ní, "Yéè, ọmọ yìí ti pa mí!" Ẹ̀rín gba gbogbo ilé, àfi obìnrin ará Ìdòfin. Ṣùgbọ́n ìka rẹ̀ ti ń tẹ̀lé ìka mi lórí aṣọ náà. Ó dé àárín, ó dúró lórí àbàwọ́n yíǹkì.

"Èyí ńkọ́? Yèsí ló ni ín?"

Ìbéèrè mi ló bọ́ sí i lẹ́nu yẹn. Mo mọ ohun tó ń wá. Màmá mi kò wo apá ọ̀dọ̀ mi.

"Bàbá mi ló ni ín," ni mo wí. Mo sọ ọ́ bí ẹni pé wọ́n wà nílé, tí wọ́n ń retí kí n bá wọn gbé omi ìwẹ̀ sí balùwẹ̀.

Obìnrin náà wò mí. Ó tún wo Màmá mi, ó wò wọ́n pẹ́. Lẹ́yìn náà ó fa àrànpọ̀ náà sọ́dọ̀, ó sì yí ọmọ rẹ̀ sínú rẹ̀.

Màmá mi kò bá mi wí lójú ọ̀nà. Ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù. Láti ọjọ́ náà ni mo ti gbà pé mo purọ́, pé mo fi aṣọ òkú bo ọmọ ọlọ́mọ, àti pé tí nǹkan bá ṣe é, ọrùn mi ni. Tí mo bá rí ará Ìdòfin kan lọ́jà, n kò tíì kí i tán tí mo ti ń bèèrè pé, "Ṣé ọmọ kan kú lọ́dọ̀ yín?" Màmá mi gbá mi lẹ́nu nítorí ọ̀rọ̀ yẹn nígbà kan. Nígbà tó yá, mo lọ kàwé ní Ìlọrin, mo dẹ́kun ìbéèrè. Ẹ̀rù náà kò lọ.

Kánsù ní Ìlọ́fà ni mo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, níbi tí wọ́n ti ń gba ìwé pé èèyàn jẹ́ ọmọ ìbílẹ̀. Ìbéèrè ni mo fi ń jẹun: orúkọ rẹ, orúkọ bàbá rẹ, agbo ilé yín. Orúkọ ìnagijẹ mi ìgbà náà bá iṣẹ́ yìí mu, ṣùgbọ́n n kì í gbójú sókè gbọ́ ìdáhùn mọ́. Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ ni. Lọ́dún yìí, ọmọbìnrin kan wọlé, ó ní Ìdòfin ni òun ti wá, Dúróoríìkẹ́ lòun ń jẹ́. Ọwọ́ mi dúró. Mo ka ọjọ́ ìbí rẹ̀, mo tún un kà.

"Kí ni wọ́n fi bò ẹ́ nígbà tí wọ́n bí ẹ?"

Ó wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé. Ó ní aṣọ alábala kan wà tí màmá òun kò jẹ́ kí òun jù nù. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó mú un dání tó bá ń bọ̀ wá gba ìwé.

Ó mú un wá. Àwọn àwọ̀ rẹ̀ ti ṣá, lééṣì ti já tán, àmọ́ àbàwọ́n yíǹkì ṣì wà níbẹ̀. Ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì mi, ó nàka. "Èyí, ti àwọn akọrin. Èyí, ti ìyàwó Òsì. Èyí, ti gáàdì kánsù." Ọ̀rọ̀ tèmi ni, bí mo ṣe tò ó náà ló ṣe tò ó. Ó ní màmá òun ló máa ń kà á fún òun kí òun lè sùn. Omi bọ́ lójú mi. Mo jẹ́wọ́ fún un pé bàbá mi ti kú nígbà tí mo sọ pé àwọn ló ni ti àárín, pé n kò sì sọ bẹ́ẹ̀ fún màmá rẹ̀.

"Ṣebí wọ́n mọ̀," ni Dúróoríìkẹ́ wí. "Wọ́n ní aṣọ dúdú ló wà lọ́rùn ìyá yín."

Mo jókòó. Láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá, n kò rò ó kàn rí.

"Wọ́n ní aṣọ dúdú yẹn ló kọ́kọ́ já àwọn láyà. Àmọ́ nígbà tí ẹ dáhùn, àwọn wo ojú ìyá yín, àwọn sì rí i pé èyí tó ṣọ̀wọ́n fún wọn jù ni wọ́n gé fún ọmọ àwọn. Wọ́n ní èèyàn kì í fi ìyẹn ṣe àkísà."

Ó fọwọ́ pa àbàwọ́n náà. "Ibẹ̀ ló máa ń há mọ́ wa lẹ́nu, mà. Tí a bá dé ibẹ̀, 'bàbá ọmọ yẹn' la máa ń wí. Yèsí ló ni ín gan-an?"

Ọmọ tí mo jẹ́ lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì yẹn kò lè pe orúkọ náà. A kì í pe orúkọ bàbá ẹni, ó sì dá a lójú pé tó bá pè é, ẹnì kan á sọ fún un pé wọn ò sí mọ́. Ọmọ náà mọ onínǹkan gbogbo nílùú, àfi èyí tó jẹ́ tirẹ̀. Èmi tí mo ń kọ orúkọ bàbá olóbàbá láti àárọ̀ dọ́sàn-án, n kò tíì fi ẹnu mi pe tèmi láti ọjọ́ náà. Mo gbójú sókè.

"Ọlátúnjí," ni mo wí. "Tísà Ọlátúnjí, Odò-Ọwà."

Dúróoríìkẹ́ pè é lẹ́ẹ̀kan kó lè mọ́ ọn lẹ́nu. Lẹ́yìn náà ó gbé ìka rẹ̀ padà sórí aṣọ àwọn akọrin, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á láti ìbẹ̀rẹ̀.