Nọ́ńbà Inú Orí Àbúrò Mi

Bí o bá ń bọ̀ ní Ìgbẹ́tì lásìkò ọ̀gbẹlẹ̀, òórùn eruku òkúta funfun ni yóò kọ́kọ́ pàdé rẹ kí o tó rí àwọn òkè. Ó jọ òórùn ẹfun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi omi po, ó máa ń ta ni nímú, èéfín tírélà tó ń kó òkúta lọ sì máa ń bá a pọ̀. Òórùn yẹn ló wà lára ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n bọ́ lọ́rùn àbúrò mi, tí wọ́n wé sínú láílọ́ọ̀nù fún mi ní ọsibítù. Ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́ kọ́là rẹ̀, síbẹ̀ nígbà tí mo gbé e sí imú, eruku yẹn nìkan ni mo gbọ́. Ibẹ̀ ni mo ti búra pé ẹni tó ṣe é á jìyà rẹ̀, bó bá tilẹ̀ gba gbogbo ọjọ́ tó kù fún mi láyé.

Olùkọ́ ni àbúrò mi, òun nìkan ni ìyá wa bí lé mi. Aṣọ òfì ni mò ń hun ní Ìsẹ́yìn, òfì náà ni mo sì fi rán an lọ sílé ìwé lẹ́yìn tí ìyá wa kú. Ilé ẹ̀kọ́ tí ìjọba gbé e lọ wà nísàlẹ̀ òkè kan ní Ìgbẹ́tì, níbi tí ọkùnrin kan ti ń fọ́ òkúta. Àdéhùn tí ìlú bá ọkùnrin náà ṣe ni pé kí wọ́n tó yin ẹ̀tù, kí wọ́n fọn fèrè lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí àwọn olùkọ́ lè ráyè kó àwọn ọmọ wọ kíláàsì. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, ẹnikẹ́ni ò fọn fèrè. Òkè bú gbàmù, òkúta sì fò kọjá ògiri ilé ẹ̀kọ́. Àbúrò mi ń ti àwọn ọmọ sábẹ́ òrùlé nígbà tí ọ̀kan tó tó ìkúùkù bà á lápá ọ̀tún orí. Ọmọ kankan ò fara pa. Òun nìkan ló ṣubú. Ohun tí ọkùnrin náà sọ fún àwọn ọlọ́pàá ni pé ọ̀kadà ló gbé e ṣubú, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ tó rí ohun tó ṣẹlẹ̀ sì pa ẹnu mọ́.

Ní Ìbàdàn ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Ó jí, ó sọ̀rọ̀, mo sì mú un wá sílé mi. A rò pé ó ti parí. Ṣùgbọ́n orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ, irú èyí tó máa ń jí i láàárọ̀ kùtùkùtù, tí yóò sì bì kó tó lè dúró. Wọ́n tún ya fọ́tò inú orí rẹ̀, wọn ò rí nǹkan kan. Mo lọ bá ọkùnrin yẹn lẹ́nu géètì ibi tó ti ń fọ́ òkúta, mo ní kó wá wo ohun tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Màdáàmù, àbúrò yín ò ṣàìsàn o. Iṣẹ́ ló ń sá." Ẹ̀rín yẹn ni mo rù délé.

Dókítà obìnrin kan tó ń tọ́jú ọpọlọ ní Ìbàdàn ni kò gbà pé irọ́ ni àbúrò mi ń pa. Ó ṣàlàyé fún wa pé agbárí dà bí ìkòkò tí wọ́n dé pa: bí ohun inú rẹ̀ bá wú, kò ní ibi tí yóò gbà, ọpọlọ ni yóò máa fún. Ìfúnpá náà lè wá kó tún lọ, fọ́tò ọjọ́ kan ò sì lè ká a mọ́. Ó wá fi ẹ̀rọ kékeré kan sínú agbárí rẹ̀, ó rán awọ orí bò ó. Wáyà kankan ò yọ síta. Bí o bá fọwọ́ kàn án, bíi bọ́tìnnì ló rí lábẹ́ awọ. Ẹ̀rọ kejì, tí kò ju fóònù lọ, ni wọ́n fún mi láti máa gbé sórí ibẹ̀, nọ́ńbà á sì yọ lójú rẹ̀, bí rédíò ṣe ń gba ohùn láti ọ̀nà jíjìn.

Dókítà ní, "Tí kò bá kọjá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ fọkàn balẹ̀. Tó bá kọjá ogún tí kò sì wálẹ̀, ẹ jẹ́ kó dùbúlẹ̀, kí ẹ gbé orí rẹ̀ sókè díẹ̀, kí ẹ pè mí. Ẹ má jẹ́ kó pariwo, ẹ má sì gbé e gba ọ̀nà gbágungbàgun."

Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni mò ń wò ó, tí mo ń kọ ọ́ sínú ìwé. Mẹ́tàlélógún nígbà tó jí. Mẹ́rìnlá lẹ́yìn tó dìde dúró. Dókítà ní kí n kọ aago síwájú nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan. Èmi tún ń kọ orúkọ ọkùnrin yẹn síwájú gbogbo èyí tó bá kọjá ogún. Bí mo bá jókòó sídìí òfì, bí mo ṣe ń ju ọ̀kọ̀ tó ń gbé òwú sọ́tùn-ún sósì ni mò ń dá a lóró lọ́kàn mi. Mo dáná sun tírélà rẹ̀. Mo jẹ́ kí òkúta já lé e lẹ́sẹ̀. Mo jẹ́ kó sunkún níwájú mi, mi ò sì dá a lóhùn. Aṣọ tí mo hun nígbà náà le gbagidi, tó fi jẹ́ pé oníbàárà mi kan bi mí bóyá irin ni mo fi hun ún.

Nígbà tó yá, àwọn àgbà Ìgbẹ́tì pe ìpàdé lórí bóyá kí ọkùnrin náà máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ nísàlẹ̀ òkè yẹn. Ojú mi là, mo ní àwa méjèèjì la jọ máa lọ. Àbúrò mi ò fẹ́ lọ.

Ó ní, "Àǹtí mi, ẹ jẹ́ kí dókítà kọ ìwé fún wọn."

Mo ní, "Ìwé ò lójú. Ìwọ gan-an ni kí wọ́n rí."

Ó gbà nítorí pé kì í kọ ọ̀rọ̀ sí mi lẹ́nu. Látìgbà tí a ti kọjá Ìgbòho ló ti fọwọ́ méjèèjì di orí rẹ̀ mú, tí mọ́tò ń bọ́ sínú kòtò kan, tó ń jáde, tó ń bọ́ sí òmíràn. Ẹ̀rọ wà nínú báàgì mi. Mi ò yọ ọ́ wò.

Pálọ̀ àgbà tó dàgbà jù láàárín wọn la jókòó sí. Ọkùnrin náà wọ jàlàbíà funfun, ọkùnrin tó máa ń bá a yin ẹ̀tù sì dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ó nawọ́ sí àbúrò mi. "Ẹ wò ó, ó ń jókòó, ó ń rìn. Àìsàn wo ló ń ṣe é? Ta ló lè rí inú orí ẹlòmíì?"

Mo ní, "Èmi rí i."

Mo gbé ẹ̀rọ náà lé àbúrò mi lórí, mo sì sọ fún wọn ohun tí dókítà sọ fún mi. Méjìlélógún. Ọkùnrin náà fò dìde, ó ní ayédèrú ni, ó ní ṣé a fẹ́ fi nǹkan ìṣeré ọmọdé ba òun lórúkọ jẹ́ ni. Àbúrò mi, tí kì í pariwo mọ́ ẹnikẹ́ni, dìde sí i: "Àwọn ọmọ wà níta! Ẹ ò fọn fèrè! Àwọn ọmọ wà níta!" Méjìdínlọ́gbọ̀n. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Mo ń gbé ẹ̀rọ náà lé e lórí, mo ń yí ojú rẹ̀ sí àwọn àgbà lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n lè kà á. Ọ̀kan nínú wọn bi mí pé, "Ìyá, ṣé kò yẹ kí ó dùbúlẹ̀?" Mo kàn yí ojú ẹ̀rọ sí òun náà. Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Jẹ́ kí n sọ ọ́ fún ọ bó ṣe rí gan-an: inú mi ń dùn. Mò ń bẹ Ọlọ́run nínú mi pé kó tún lé sí i.

Ọkùnrin tó ń yin ẹ̀tù ló kọ́kọ́ yẹ̀. Ó ṣí fìlà lórí, ó ní, "Ẹ dákun, ẹ̀yin bàbá. Èmi ni mo yìn ín. Ọ̀gá ní kí n má fọn fèrè, pé tírélà ti ń dúró, àwọn olùkọ́ á tún máa fi àkókò ṣòfò." Mo wo ojú ọ̀gá rẹ̀. Mo rí i bí òógùn ṣe bo iwájú orí rẹ̀, mo sì mu ìtìjú rẹ̀ bí ẹni mu omi tútù lẹ́yìn ààwẹ̀. Ojú rẹ̀ yẹn ni mò ń wò lọ́wọ́ nígbà tí àbúrò mi bì sórí ẹní, tó sì ṣubú.

Jíìpù ọkùnrin náà nìkan ló lè sáré lójú ọ̀nà yẹn. Mo kúnlẹ̀ fún un. Ó ju kọ́kọ́rọ́ sí ẹni tó ń yin ẹ̀tù láì wò mí, mo sì tún kórìíra rẹ̀ nítorí ìyẹn.

Ní Ìbàdàn, wọ́n fi rọ́bà tín-ín-rín kan sí àbúrò mi lórí, tó ń fa omi inú orí lọ sínú ikùn. Ó yè é, àmọ́ ojú rẹ̀ òsì ò ríran bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ìjọba ti ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta pa, ẹjọ́ ọkùnrin náà sì wà ní kóòtù di bí mo ṣe ń sọ yìí. Nígbà tí mo gba ibẹ̀ kọjá lọ́dún tó kọjá, koríko ti bo ojú géètì. Mo ní kí awakọ̀ rọra rìn, kí n lè wò ó dáadáa.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ yẹn máa ń tọ́jú gbogbo ohun tó bá kà, pẹ̀lú aago rẹ̀. Dókítà pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀, ó fi hàn mí. "Ogún ìṣẹ́jú ni nọ́ńbà yìí fi kọjá ogún, tó ń gòkè, ẹ̀rọ sì wà lọ́wọ́ yín. Kí lẹ ń dúró dè?" Mo mọ èsì rẹ̀. Mò ń dúró de kí ojú ẹnì kan fà ro. Mo dìde, mo padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì àbúrò mi.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà ni àbúrò mi bá mi sọ̀rọ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bíi pé èmi ni aláìsàn. "Àǹtí mi, mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ràn mi. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, orí mi ni ẹ fi jà."

Mi ò tíì dárí ji ọkùnrin yẹn, mi ò sì rò pé mo máa ṣe é láéláé. Ohun tí ọ̀rọ̀ náà kọ́ mi yàtọ̀ sí ìdáríjì. Mo wá mọ̀ pé ìbínú lè jókòó ti ẹni tí o fẹ́ràn, kó máa bu omi fún un, kó máa lo oògùn fún un láàárọ̀ lálẹ́, kí ìwọ sì máa pè é ní ìfẹ́. Àbúrò mi ti padà sẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ní Ìpàpó. Bọ́tìnnì yẹn ṣì wà lábẹ́ awọ orí rẹ̀, ṣùgbọ́n kó tó kúrò nílé mi ló ti gba ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ mi, ó ní òun á máa wò ó fúnra òun níwájú dígí. Bí mo bá pè é lórí fóònù, tí mo bi í pé mélòó ló kà láàárọ̀ yìí, á ní, "Ó dáa, Àǹtí mi, ó dáa." Kò sọ nọ́ńbà rẹ̀ fún mi mọ́.