Bàbá Kantíkantí àti Okùn Tín-ín-rín

Láti ìgbà tí Bàbá Kantíkantí ti kú, kò sí ẹni tó bá a ṣiṣẹ́ tí kì í kọ́kọ́ sọ ìtàn afínkòkòrò. Kantíkantí kan, kòkòrò wẹ́wẹ́ tó máa ń bo èso tó ti rọ̀, ló kó sínú tíì àlejò ọ̀gá àgbà. Ni ọ̀gá bá ní kí wọ́n fín gbogbo ilé ìwádìí tí Bàbá ti ń ṣiṣẹ́. Kí ọkùnrin afínkòkòrò tó gbé ike oògùn dé, Bàbá ti nà gbalaja sẹ́nu ọ̀nà yàrá tí ìgò tó fi ń sin kantíkantí wà. Bí oògùn bá wọlé, iṣẹ́ ọdún gbọọrọ ti bàjẹ́ nìyẹn. Ọ̀gá ní kó dìde, kò dìde. Ọ̀gá ní kí afínkòkòrò dá a kọjá.

"Ẹ kọ́kọ́ fín èmi," ni Bàbá wí, ó sì dijú.

Afínkòkòrò gbé ike rẹ̀ padà kọ́ èjìká. Ó ní kòkòrò ni wọ́n ní kóun wá pa, wọn ò sọ fóun pé bàbá wọn ń bẹ láyé.

Inú ara kantíkantí ni àwọn okùn tín-ín-rín wà, tí àwọ̀ àti ìrísí òbí ń gbà dé ara ọmọ. Bí a bá fi awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá wò wọ́n, adíkálà ni wọ́n, onílà dúdú àti funfun. Ọ̀kan nínú wọn ni Bàbá àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń wá ibi tí ègé rẹ̀ kọ̀ọ̀kan wà gan-an, kí wọ́n lè ya máàpù rẹ̀ láti orí dé ìdí. Ìyàwó rẹ̀ máa ń sọ pé òun mọ̀ pé ọkùnrin lè gbé orogún wálé, àmọ́ òun ò mọ̀ pé orogún lè máa fò.

Wàhálà dé lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ so máàpù tí ilé ìwádìí kọ̀ọ̀kan yà pọ̀. Obìnrin kan tí Bàbá kọ́ níṣẹ́, tó ti di ọ̀gá nílé ìwádìí mìíràn, tẹ́ tiẹ̀ kalẹ̀. Láàárín, wọn kò bára mu: ohun tí Bàbá fi síwájú, ẹ̀yìn ló wà lọ́dọ̀ obìnrin náà. Bí Bàbá bá ti ṣì í, wọ́n máa da iṣẹ́ rẹ̀ nù ni. Obìnrin náà rọra sọ pé ó jọ pé Bàbá to ibẹ̀ sódì. Bàbá lẹ ojú mọ́ awò.

"Ọmọ mi, mi ò tò ó sódì," ló wí níkẹyìn. "Kantíkantí yẹn ni wọ́n bí sódì."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Obìnrin náà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó gba ìgò kan lọ́wọ́ Bàbá, ó lọ fi awò tirẹ̀ wò ó. Òótọ́ ni. Nínú ìran kantíkantí ti Bàbá, okùn náà ti já níbẹ̀ rí, ègé rẹ̀ sì ti yí padà kó tó tún so. Àwọn méjèèjì ló jàre. Bàbá ní òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ní kò fojú kan oorun títí ìròyìn fi dé.

Nígbà tí máàpù parí, àìsàn ti dá Bàbá dùbúlẹ̀, ojú rẹ̀ sì ti di bàìbàì. Obìnrin tó kọ́ níṣẹ́ náà tẹ́ máàpù sórí ibùsùn, ó di ìka Bàbá mú, ó ń fi í tọ okùn náà láti òkè, ó ń pe ègé kọ̀ọ̀kan lórúkọ. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìdí nígbà tí ìka náà dúró.

"O ti fo ọ̀kan."

Obìnrin náà wò ó. Ó ti fò ó lóòótọ́, omijé ni kò jẹ́ kó rí i. Ó tún bẹ̀rẹ̀ látòkè, ó sì ń lọ díẹ̀díẹ̀, torí kò fẹ́ kó tètè tán.