Ìkúnlẹ̀ Mi ní Charleston

Òórùn ẹrẹ̀ etí òkun ló kọ́kọ́ pàdé mi ní Charleston, ìlú àtijọ́ kan ní gúúsù Amẹ́ríkà: òórùn iyọ̀ àti koríko tó ń jẹrà nínú omi. Snow ṣì wà nílẹ̀ nígbà tí mo kúrò ní Calgary, ní Kánádà, ṣùgbọ́n níbẹ̀, òógùn ti ń ṣàn lọ́rùn mi. Ìpàdé àwọn nọ́ọ̀sì ló gbé mi lọ. Àwọn yòókù ń rìn ní méjì-méjì. Èmi nìkan ni mo dá wá.

Ìyá mi ti kú lọ́dún tó ṣáájú. PR mi, ìwé àṣẹ láti máa gbé ní Kánádà, kò tíì jáde, n kò lè lọ sin wọ́n. Láti ìgbà náà ni n kò ti kúnlẹ̀ kí àgbà kankan. Rò ó wò ná: àwọn arúgbó ni mò ń tọ́jú ní Calgary, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí n máa pe àwọn lórúkọ, lórí ìdúró. Mo ń ṣe é, àmọ́ ṣe ló ń dà bíi pé mi ò tíì kí ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, mo gba òpópónà olókùúta lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kékeré kan. Ìyá arúgbó kan, adúláwọ̀ bíi tèmi, jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ara wọn. Bí wọ́n ṣe gbójú sókè, orúnkún mi ti kanlẹ̀. Kí n tó lanu, ìyá ti figbe ta.

"Ó ti dákú! Ẹ gbé omi wá!"

Bàbá kan sáré dì mí mú lápá. Abẹ̀bẹ̀ ìyá ti ń fẹ́ mi lójú kíkankíkan.

"Ara mi le, mà. Mò ń kí yín ni."

"Irú kíkí wo nìyẹn? Ó kù díẹ̀ kí o pa mí!"

Bàbá bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, àfi bí ẹ̀rín ṣe di ẹkún. Mo ní, "Bí a ṣe ń kí ìyá nílé wa nìyẹn. N kò ní ẹni tí mo lè kí bẹ́ẹ̀ mọ́."

Ìyá gbé abẹ̀bẹ̀ sílẹ̀. "Ó dáa, tún un ṣe. Mi ò mọ̀ pé èmi lo ṣe é fún."

Mo tún kúnlẹ̀.

"Kí ló wá kàn mí láti ṣe?"

"Ẹ ó gbàdúrà fún mi, mà."

Wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí. "Olúwa, ọmọ yìí jìnnà sílé. Má fi í sílẹ̀." Mo ṣe àmín.

Ìdánìkanwà mi kò tán lọ́jọ́ náà, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí mo ti ń dá gbàdúrà fún ara mi, tí mo rò pé bó ṣe máa rí títí láé nìyẹn. Mo ṣì ń dúpẹ́ pé Ọlọ́run fi hàn mí pé ẹni tí kò mọ orúkọ mi pàápàá lè súre fún mi bí ọmọ.