Obìnrin Tó Ń Mú Àgbàdo Hù Nínú Ọyẹ́

Ní ọdún tí ọmọbìnrin mi fẹ́ yan láàárín sáyẹ́ǹsì àti áàtì nílé ìwé girama, mo kọ eré kan fún ọjọ́ ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wa ní àdúgbò Nasarawa, níbí ní Kaduna. Nínú eré náà, obìnrin kan da ewé ìyá rẹ̀ àgbà pọ̀ mọ́ ohun tó kọ́ ní yunifásítì, ó sì rí oògùn tó ń mú àgbàdo hù nínú ọyẹ́. Gbogbo ìlú yó. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ kò sinmi mọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá. Obìnrin náà fọwọ́ ara rẹ̀ da oògùn náà nù, ó pe àwọn àgbẹ̀ jọ, ó sì bi wọ́n ní ohun tó yẹ kó ti bi wọ́n tẹ́lẹ̀, pé ṣé wọ́n tiẹ̀ fẹ́ ẹ.

Ibẹ̀ ni mo parí rẹ̀ sí. Mi ò sọ pé kí ènìyàn má wádìí nǹkan. Mo kàn ní kí ẹni tó mọ nǹkan má dá a pinnu fún gbogbo ayé ni.

Ọmọ mi ló ṣe obìnrin náà. Haúsá ló fi ń dá Yorùbá mi lóhùn nílé, síbẹ̀ ó há gbogbo ọ̀rọ̀ eré náà sórí. Ọmọ tó ń gbin ẹ̀wà sínú agolo mílíìkì lójú fèrèsé! Mo ti rò ó pé sáyẹ́ǹsì ti gbà á.

Alága ìkórè, bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ló wá ba ayọ̀ mi jẹ́.

"Tíṣà, kí ni obìnrin rẹ yìí ń lò gan-an? Idán ni àbí sáyẹ́ǹsì?"

"Méjèèjì ni, bàbá. Ìyẹn kọ́ ló ṣe pàtàkì níbẹ̀."

"Haba! Ẹni tó bá ń bá Ọlọ́run du iṣẹ́, àrá ló yẹ kó pa á. Bí kò bá kú, kí ni pásítọ̀ fẹ́ fi pe ènìyàn wá síwájú pẹpẹ? Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́."

Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, eré kì í parí láìsí ìpè sí ìrònúpìwàdà, ìpè kì í sì í dùn láìsí òkú ẹlẹ́ṣẹ̀. Mo jiyàn títí ẹnu fi ro mí. Alága ní bí mi ò bá gbà, kí n máa kó ìwé mi lọ. Inú bí mi, ṣùgbọ́n ojú ń tì mí láti tú àwọn ọmọ ká lẹ́yìn tí wọ́n ti kọ́ eré fún oṣù kan. Mo kọ àrá sí i.

Lọ́jọ́ ìkórè, ọmọ mi ṣubú, ó kú, ìjọ pàtẹ́wọ́. Pásítọ̀ pè, àwọn ènìyàn sì ń jáde. Ọmọ mi dìde nílẹ̀ tó kú sí, ó bá wọn lọ kúnlẹ̀. Mo rò pé ó ṣì ń ṣeré ni.

Lọ́jọ́ Ajé, ó gbé fọ́ọ̀mù wá kí n buwọ́ lù ú. Áàtì ló fàlà sí. Mo pariwo mọ́ ọn pé ta ló kó o láyà jẹ báyìí. Ó wò mí, ó sì sọ Yorùbá tó já gaara: "Bàbá, ṣebí ẹ̀yin lẹ kọ àrá náà."