Obìnrin Inú Kàlẹ́ńdà Tó Ti Ṣá

Òórùn kẹrosíìnì ló máa ń kí mi káàbọ̀ ní gbogbo àárọ̀ Sátidé, kí n tó fojú kan ọ̀gá mi rárá. Ní Nyanya ni, nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́yìn ilé wa, níbi tí Ọ̀gá Délé ti ń kọ́ àwa ọmọ òṣìṣẹ́ ìjọba bí a ṣe ń fi ọ̀dà olóròóró ya ojú ènìyàn. Kẹrosíìnì ló fi ń po ọ̀dà náà, ó ní kò yàtọ̀ sí tọpẹntáìnì tí àwọn ayàwòrán fi ń pò ó. Irọ́ ni. Ọ̀dà tí a bá fi kẹrosíìnì pò kì í gbẹ bọ̀rọ̀, eruku á sì bò ó bí èèrà ti ń bo ṣúgà. Ẹ jẹ́ n fi ìyẹn sílẹ̀ ná. Èyí tó burú ń bọ̀.

Kàlẹ́ńdà kan wà lára ògiri, ní ọ̀kánkán fèrèsé. Ìyá arúgbó òyìnbó kan tó wé aṣọ funfun mórí ló wà lórí rẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ àgbà ayàwòrán kan tó ti kú tipẹ́tipẹ́ lókè òkun. Obìnrin yìí nìkan ni ìwé ẹ̀kọ́ wa. A ó fi rúlà fa ìlà sójú rẹ̀, a ó dà á kọ sórí kánfáàsì díẹ̀díẹ̀, a ó sì po ọ̀dà títí yóò fi bá ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ mu. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà rí bí omi ọṣẹ tí wọ́n fi fọ aṣọ búlúù. Mo bi Ọ̀gá pé ṣé bí awọ ènìyàn ṣe ń rí nìyẹn. Ó wò mí láti òkè délẹ̀.

"Kai, ìwọ ọmọbìnrin yìí, o fẹ́ gbọ́n ju àgbà tó yà á lọ? Ẹ̀dà là ń ṣe níbí, a kì í jiyàn."

Mo gbé ẹjọ́ náà dé ọ̀dọ̀ bàbá mi, akọ̀wé ní iléeṣẹ́ ìjọba kan. "Bí wọ́n ṣe ṣe é lánàá la ṣe ń ṣe é lónìí," ni wọ́n wí, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń yanjú ohun gbogbo, títí kan iyọ̀ ọbẹ̀. Mo padà sídìí kàlẹ́ńdà. Mo wá mọ obìnrin náà yà débi pé Ọ̀gá ń pe àwọn òbí wá wò ó.

Ìgbà náà ni ìyá bàbá mi, tí a ń pè ní Màmá, dé láti Èkìtì. Màmá kò ní fọ́tò kan tó dáa; bí iná kámẹ́rà bá ti kọ yẹ̀rì, wọn á dijú. Bàbá mi ní kí n yà wọ́n, kí ojú wọn má baà pòórá nínú ilé. Màmá jókòó síwájú mi nínú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ń jẹ ẹ̀pà. Ọ̀gá dúró lẹ́yìn mi. Bí mo bá ti gbójú sókè wo Màmá, á fi ìdí búrọ́ọ̀ṣì kàn mí lórí.

"Kàlẹ́ńdà ni kí o wò. Ojú arúgbó ò yàtọ̀ síra wọn. Tí o bá parí, fi dúdú díẹ̀ sí i."

Mo fi dúdú sí i. Omi ọṣẹ di eérú.

Màmá sún mọ́ àwòrán náà, wọ́n gbọn èèpo ẹ̀pà kúrò lára. "Ọmọ mi, ta lo yà yìí?"

"Ẹ̀yin ni, Màmá."

"Èmi kọ́. Ẹni tí wọ́n fẹ́ lọ sin lèyí."

Ọ̀gá ní Màmá ò mọ iṣẹ́ ọnà ni. Ìyá mi, tó bá wa wá, dá a lóhùn pé, "Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹ̀yin wá fọwọ́ bo ti ọmọ mi." Bàbá mi gbé àwòrán náà kọ́ sí pálọ̀ síbẹ̀síbẹ̀.

Yunifásítì ni mo ti tún rí ìyá òyìnbó yẹn, nínú ìwé àwòrán ńlá kan. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ pupa bí tòmátì. Àgbà ayàwòrán ò jẹ̀bi ohunkóhun. Oòrùn tó ń gba fèrèsé wọlé ló ti jẹ gbogbo pupa ara kàlẹ́ńdà náà tán, Ọ̀gá Délé sì jókòó tì í, ó ń nà wá kí a lè da iṣẹ́ oòrùn Nyanya kọ láìṣìṣe. Ó ń pe ìyẹn ní ẹ̀kọ́.

Màmá ti lọ sọ́run. Mo ní ṣọ́ọ̀bù tèmi ní Idu báyìí, kò sì sí awọ ènìyàn tí n kò lè po ọ̀dà rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá gbé búrọ́ọ̀ṣì láti ya Màmá, ìyá òyìnbó yẹn ló ń jáde, gbogbo ìlà ẹnu rẹ̀ pé pérépéré. Ọmọ tí mo jẹ́ nígbà yẹn ò mọ ọ̀dà pò, ṣùgbọ́n Màmá jókòó síwájú rẹ̀, wọ́n ń jẹ ẹ̀pà. Èmi ti mọ̀ ọ́n pò báyìí. Àga iwájú mi ló ṣófo.